Ẹgbẹ́ Ọ̀sà àti Àwọn Tó Fi Sílẹ̀

Òórùn ìpara gbígbóná tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń ra ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó máa ń ta sí mi nímú láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Pópó Àgùdà, á dàpọ̀ mọ́ òórùn pákó tí Pàpá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá nísàlẹ̀ ilé, àti ti ọ̀sà tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá nírọ̀lẹ́. Ilé àwọn Àgùdà ayé àtijọ́ ni ilé wa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní fèrèsé gíga-gíga, tí òjò ti wẹ ọ̀dà ara rẹ̀ nù. Lókè pátápátá ni yàrá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti CMS, níbi tí mo ti ń ta bàtà nígbà náà, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi pé Bọ̀ọ̀dá ti dé láti pápá, àti pé ara ń ro ó.

Ìwọ náà mọ Ìsàlẹ̀ Èkó ìgbà yẹn, o mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe rí lára wa. Ṣùgbọ́n bóyá o ò rántí Ẹgbẹ́ Ọ̀sà mọ́. N ò ní bá ọ wí; ẹgbẹ́ náà ò pẹ́ láyé. Ọkùnrin kan tó ń kó aṣọ wọlé láti òkè òkun, tó ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá ní Apọ́ngbọ̀n, ló dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti tó àkókò kí àwọn ọmọ wa máa fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ jẹun bíi ti àwọn òyìnbó. Alága ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, á fò sókè bí ọmọdé. Ó kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ, ó wá kóòṣì fún wọn, ó rán jẹ́sì aláwọ̀ aró àti funfun fún wọn. Bọ̀ọ̀dá ni kípà wọn.

Iṣẹ́ tó dára ni Bọ̀ọ̀dá fi sílẹ̀ ní wọ́ọ̀fù kó tó lọ bá wọn. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún Pàpá, ṣe ni Pàpá gbé ayùn rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

“Ṣé bọ́ọ̀lù náà ni yóò máa bọ́ ọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Pàpá. Iṣẹ́ ni báyìí.”

“Mo ti gbọ́.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa tí wọ́n bí nínú ilé náà sì mọ̀ pé èyí burú ju kó pariwo lọ. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù níbi tí Pàpá bá wà. Bí Ẹgbẹ́ Ọ̀sà bá borí, Màmá á rọra sọ ọ́ sí mi létí nídìí ààrò, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oyún tí kò tíì hàn.

Inú wa dùn nígbà náà, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù ní Oníkan, àdúgbò wa á dá páropáro. Bọ̀ọ̀dá ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń gbá apá òsì, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan bí ní òpópónà tó tẹ̀lé tiwa. Ẹsẹ̀ ọmọ náà rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ọwọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gba bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó lè lé e bá. Ilé wa ló ti ń jẹun. Mo ṣì ń rí i lójú mi lọ́jọ́ Ẹtì Rere kan, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àwo fùrejọ́ọ̀nù, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, lórí orúnkún, tó ń na àwo padà sí Màmá. “Ẹ bù sí i, Màmá. Ẹsẹ̀ òsì ò tíì yó.” Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́dún kejì ni nǹkan bàjẹ́. Wọ́n ń ṣe ìgbáradì lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní pápá Kámpọ́ọ̀sì nígbà tí èéfín dúdú yọ láti apá Apọ́ngbọ̀n. Ẹnì kan sáré wá pé ilé ìkẹ́rùsí Alága ló ń jó. Kóòṣì ò tíì sọ nǹkan kan tí gbogbo wọn ti já sójú títì, tàwọn ti jẹ́sì, tàwọn ti bàtà bọ́ọ̀lù tó ń ró kò-kò-kò lórí ọ̀dà. Nígbà tí ariwo dé ṣọ́ọ̀bù bàtà wa, èmi náà sáré lọ. Mo bá wọn tí wọ́n tò láti inú ilé dé ìta, wọ́n ń ju igàn aṣọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, Bọ̀ọ̀dá ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ooru ti le jù, tó ń gbà á mọ́ àyà. Wọ́n ṣe é títí òrùlé fi wó. Ohun tí wọ́n rí kó jáde ò ju òkìtì kékeré lọ, omi àwọn panápaná sì ti ba ìyẹn náà jẹ́. Alága jókòó sórí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ tútù náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

“Ẹ ṣeun,” ló ń wí ṣáá. “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa lọ sílé.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹgbẹ́ náà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ó ti padà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Kò sẹ́ni tó pe àwọn ọmọ náà jọ kó sọ fún wọn pé ó parí. Àwọn ènìyàn Alága kàn wá gbé bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ lọ ni. Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, a ò sì gbọ́ orúkọ Ọ̀sà lórí rédíò mọ́.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ náà ń lọ sí pápá láràárọ̀. Ojú ọ̀nà mi sí CMS ni pápá náà wà, mo sì máa ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń sáré yípo, bí kóòṣì ṣe ń fọn fèrè rẹ̀. “Ẹ gbé ẹsẹ̀! Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ rà wá lè dé nígbàkigbà.” Ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kì í wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó bá ń sọ ọ́. Wọ́n wá ń dín kù. Ọ̀kan lọ wa ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Múṣín, ọ̀kan wọṣẹ́ ológun, òmíràn padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá tó ń gbá apá òsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ru ẹrù ní ẹ̀bá ọ̀sà. Nígbà tó yá, kóòṣì fúnra rẹ̀ ríṣẹ́ sí Kàdúná. Ó wá dágbére nílé wa, ó mu omi, ó sì lọ.

Ó wá ku Bọ̀ọ̀dá nìkan. Á wọ jẹ́sì rẹ̀ tó ti ṣá, á lọ dúró níwájú ògiri pápá, á sọ bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, á fò, á mú un, á tún sọ ọ́. Àwọn tó ń kọjá kọ́kọ́ máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á yára kọjá. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Pàpá ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo dúró tì í, mo ní, “Ó tún ti wà ní pápá o, Pàpá. Òun nìkan ni.” Pàpá ò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó gbé ife kalẹ̀, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó ní, “Jẹ́ ká lọ.”

Nígbà tá a débẹ̀, Bọ̀ọ̀dá rí wa, ṣùgbọ́n kò dúró. Pàpá rìn lọ sáàárín òun àti ògiri.

“Ẹ kúrò níbẹ̀, Pàpá. Bọ́ọ̀lù á bà yín.”

“Kò ní bà mí. Ní Oníkan, ẹ̀yìn ilé bọ́ọ̀lù tí ò ń ṣọ́ ni mo máa ń dúró sí, kò bà mí rí.”

Bọ̀ọ̀dá wò mí. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí.

“Ẹ máa ń wá?”

“Kò sígbà tí ẹ gbá a níbẹ̀ tí mi ò wá.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Mo rò pé àyè ṣì wà,” ni Pàpá wí. Ó wá sún mọ́ ọn. “O mú bọ́ọ̀lù dáadáa. Gbogbo yín lẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yẹn ti kú, ọmọ mi. Ó ti kú. Wá, jẹ́ ká lọ sílé.”

Bọ̀ọ̀dá gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó tẹ orí ba lé e, ó sì bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Pàpá gbé ọwọ́ lé e ní ọrùn, kò ní kó dákẹ́. Mo rántí pé ilé ìjọsìn kan ń lu agogo, àwọn ènìyàn sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbá apá òsì wá bá a lórí àtẹ̀gùn wa. Àwọn kan ń gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sí Abijáànì. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ń wá agbábọ́ọ̀lù.

“Kípà, múra ká lọ. Ọ̀sà ò kú jàre. Ó ń sùn ni.”

“Ó ti kú,” ni Bọ̀ọ̀dá fèsì. “Pàpá ti sọ fún mi.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn, ó sì fi okùn bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́ ọrùn lọ. Ẹnì kan tó ti Kútọnù bọ̀ bá a kí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà títí di òní, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bọ̀ọ̀dá kọ́ lọ́wọ́ Pàpá, òun ló sì jogún ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Pàpá di olóògbé. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Bí ti àwọn ọmọdé bá yí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á dúró kí wọ́n wá mú un fúnra wọn. Ó pẹ́ tí mo fi bínú sí Pàpá nítorí ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn. Mo rò pé òun ló pa ohun tó kù nínú ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá yẹn ló yí mi lọ́kàn padà. Ó ti darúgbó gan-an báyìí. Mo máa ń lọ kí i nígbà Kérésìmesì, kì í sì jẹ́ kí n jókòó tán kó tó béèrè bóyá Bọ̀ọ̀dá ti gbọ́ nǹkan kan. Kò gbà kí wọ́n kun yàrá ọmọ náà, kò gbà kí wọ́n fi í fún ayálégbé. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo máa ń sọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì bá bàbá rẹ̀ lọ sílé. Obìnrin yìí ò tíì rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún un pé ọmọ náà ò ní bọ̀ mọ́, kí ó sì dúró tì í tó bá ń sunkún, bí Pàpá ti ṣe. Mo máa ń mú un lọ́wọ́, màá sì wí lọ́kàn mi pé lọ́dún yìí, èmi ni màá sọ ọ́. Ẹnu mi á sì wúwo. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ìfẹ́ Pàpá sí ọmọ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.