Mo Ti Dùnnú

Ní ọdún tí ìjọba ológun dá owó oṣù àwa olùkọ́ dúró, ìyàwó mi kì í bá wa jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á rọra tì í sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, á ní, "Mo ti dùnnú." Mo rò pé sùúrù ló fi ń tan ebi jẹ, pé rírí wa ti tó oúnjẹ fún un.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àìsàn inú ló pa á. Dókítà ṣàlàyé bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí ni àwo tó máa ń tì sọ́dọ̀ àwọn ọmọ nígbà náà. Ṣé ebi ọdún yẹn ló ṣe é? Láti ìgbà tí a ti sin ín, bí mo bá ń ro ẹ̀bà tèmi, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì: "Mo ti dùnnú." N kì í yíjú. Ọmọ mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mi ò lè fi ohùn yẹn sílẹ̀; mi ò sì lè bá a gbé.

Ẹ́síteètì wa kò jìnnà sí ìlú Mowo, nílẹ̀ Ègùn. Orí iyanrìn ni ìjọba kọ́ ọ sí, ilé kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ ní méjì-méjì, ògiri wọn sì fẹ́lẹ́ débi pé bí aládùúgbò bá sín, inú yàrá wa la ti ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Àwa òṣìṣẹ́ tó wá láti òkè àti àwọn Ègùn tó ni ilẹ̀ ni wọ́n jọ kó sí i. Àwa àgbà tó kù máa ń jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù ní ọ̀sán Sọ́ńdè, níbi tí ẹ̀rọ omi wà tẹ́lẹ̀.

Ní Sọ́ńdè kan, ọ̀rọ̀ kan ọdún tí owó oṣù dúró yẹn. Bàbá Kọ́sítọ́ọ̀mù, tó ti fẹ̀yìn tì, ní, "Ọdún tí ìrẹsì di oògùn! Ṣíbí la fi ń bù ún."

"Ìwọ?" Ìyá Ẹlẹ́ja ló dá a lóhùn. Ègùn ni, ẹ̀yìn ògiri tiwa gan-an ló ń gbé, ẹja tí wọ́n ń kó wá láti Topo létí òkun ló máa ń yan. "Ìwọ tí àpò ìrẹsì ń bá sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

A bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Ẹ̀yin ará òkè yìí, ẹ yà mí lẹ́nu. Bí mo bá ní, 'Wá dù nú,' ẹ ó ní, 'Ẹ ṣé, a ti dùnnú,' ẹ ó sì gbé ebi yín kọjá lọ."

"Mo rò pé ẹ ń wàásù fún mi ni!" ni Bàbá Kọ́sítọ́ọ̀mù wí.

"Wàásù kẹ̀! 'Wá jẹun' ni, lédè Ègùn. Nínú gbogbo yín, ìyàwó Tíṣà nìkan ló bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, ìyàwó mi?"

"Òun náà. Lójoojúmọ́, kí o tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní kí oúnjẹ ilé lè tó ìwọ àtàwọn ọmọ. Bó bá jẹun tán, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: 'Ìyá, mo ti dùnnú.' Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé ojú á tì ọ́."

"Ṣé ó máa ń yó?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Yó? Ẹni tó ń fi ìka nu àwo! Orí ẹja ni mo máa ń fi pamọ́ dè é. Ológbò mi kórìíra rẹ̀."

Nílé wa, èmi ló máa ń bu orí ẹja fún. Ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí a dìde, Ìyá Ẹlẹ́ja di apá aṣọ mi mú. "O ti gbẹ. Wá jẹun lọ́la."

"A dúpẹ́, Màmá."

"Má dúpẹ́. Wá!"

Mi ò tíì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń gbọ́ tí àwo ń kan àwo lẹ́yìn ògiri, bẹ́ẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja nìkan ló ń dá gbé níbẹ̀. Bí mo bá yí ilé po tí mo sì ṣílẹ̀kùn, mo lè bá ìyàwó mi níbẹ̀, kó kẹ̀yìn sí mi, kó máa jẹun. Ó sì lè má fẹ́ kí n rí òun.