Jíà tí wọ́n fẹ́ tú nítorí rọ́ọ̀gì pálọ̀

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló yí ọkọ̀ mi ká l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè láàárọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wọ inú rẹ̀.

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì ni, ọjọ́ ti pẹ́ lórí ẹ̀. Tí wọ́n bá ba jíà rẹ̀ jẹ́, mi ò lè rí òmíràn rà ní gbogbo Ìjẹ̀bú.

Tí mo bá ti ṣíná sí i, jíà ò wọlé mọ́, ariwo irin ló kù.

Ọ̀gá wọn tẹ́tí sí i. "Ẹ̀gbọ́n, jíà ti lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ṣé ẹ ti wọ inú ẹ̀ wò ni?"

"Kí ni mo fẹ́ wọlé ṣe? Etí la fi ń mọ̀ ọ́n!"

Ẹnì kejì ti ń ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀!

Mo paná. Mo fi ọwọ́ ara mi ti jíà síbí, sọ́hùn-ún. Gbogbo ẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Jíà kọ́ nìyẹn, kílọ́ọ̀ṣì tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni ò já.

Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kò lọ ju ìdajì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àgékù rọ́ọ̀gì pálọ̀ tí ìyàwó mi gé tẹ́ síbẹ̀ lánàá ló ká jọ sábẹ́ ẹ̀!

Mo fà á yọ, mo ṣíná, jíà wọlé.

Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè: "Halelúyà! Mo ti ń gbàdúrà sí i nínú ọkàn mi látìgbà yẹn!"

Àdúrà ló fa rọ́ọ̀gì yọ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni wọ́n ti bá yín tú rí tí kò bàjẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.