Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Díwọ̀n Dọ́kítà

Òórùn èéfín pupuru, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀kadà bá ti gbé mi wọ Àyèká. Lórí àjà iná ni wọ́n ń tò ó sí, roboto roboto, títí ara rẹ̀ á fi dúdú, òórùn náà á sì bá ẹ délé nínú aṣọ. Iṣẹ́ ló ń gbé mi débẹ̀, lọ́dún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá tí mi ò sì rí ọ̀nà tẹ̀ síwájú.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan, irú àwọn tí èèyàn ń dáwó sí lọ́wọ́ kí àìsàn tó dé, ló gbà mí. Mo ní láti lọ bá àwọn tí dọ́kítà tọ́jú nílé wọn, kí n bi wọ́n bóyá ara ti yá, kí n sì fàmì sínú fọ́ọ̀mù. Àpótí méjì péré ló wà níbẹ̀: ó ti yá, kò tíì yá. Dọ́kítà tí “kò tíì yá” tirẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ètò náà. Ẹyọ dọ́kítà kan ló sì wà nítòsí wa tó ń gba àwọn tó wà nínú ètò ọ̀hún.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní kì í fúnni lábẹ́rẹ́ bọ̀rọ̀. Ó lè jókòó ti arúgbó, kó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ egbò, kó wá ní kó máa lọ sílé. Lọ́kàn mi, mo ní ó ń bá àwọn adójútòfò ṣọ́ owó oògùn ni.

Ìyá kan wà ní Àyèká, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tí egbò ẹsẹ̀ ti dá jókòó pẹ́ kó tó dọ́dọ̀ dọ́kítà. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Bébà ọwọ́ mi ló wò, kò wojú mi.

“Ta ló rán ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi?”

“Àwọn adójútòfò ni, Ìyá. Ṣé ó ti jiná?”

“A ṣì wà lórí ẹ̀.” Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀.

Bí gbogbo wọn ṣe ń dáhùn nìyẹn, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í sọ fún àjèjì tó mú bébà dání pé àìsàn òun ti lọ, kó má bàa padà. Ìyá tó bí mi gan-an kì í sọ ọ́. Síbẹ̀ mo fàmì sí “kò tíì yá”, inú mi tiẹ̀ ń dùn díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ dọ́kítà náà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn adójútòfò rán àǹtí kan wá láti yẹ bí a ṣe díwọ̀n rẹ̀ wò. Ó ṣí àwọn fọ́ọ̀mù mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Gbogbo èèyàn yìí, ẹnì kan ò yá? Ta ló fún ẹ ní nǹkan?”

“Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan, mà.”

Kò gbà mí gbọ́. Èmi náà ò gbà á gbọ́. Lọ́kàn mi, mo ní dọ́kítà ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá. Ó ní kí n mú òun dé Àyèká.

Ojú ọ̀nà la ti pàdé Ìyá, ó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, ó ń yára ju èmi lọ. Àpá gbígbẹ ló kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

“Ìyá, ẹsẹ̀ yìí ńkọ́?” ni àǹtí bi í.

“A ṣì wà lórí ẹ̀.” Kò tiẹ̀ dúró.

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí mi. “Ọmọ ibí ni ẹ́. Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyí?”

Mo lè ní ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ.

“Mo mọ̀, mà.”

Wọ́n da àwọn fọ́ọ̀mù náà nù, wọ́n fi dọ́kítà sílẹ̀, èmi ni wọ́n ní kó máa lọ. Mo lọ bẹ dọ́kítà. Ó ń fọ egbò ẹnì kan, kò gbójú sókè.

“Kí lo ní sí mi?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fún un.

“O ò ṣe bi mí?”

Ilé dé ilé ni mo ti ń béèrè nípa ẹ̀, mi ò dọ́dọ̀ òun rí. Kò sí irọ́ kan nínú àwọn fọ́ọ̀mù yẹn, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ. Ohun tí mo mọ̀ ni mo gbé mì, díẹ̀ ló sì kù kó lé ọkùnrin náà lọ.