Ìran Tí N Kò Rí

Ọdún méjì gbáko ni mo fi parọ́ nítorí ọ̀sà, títí mo fi parọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́.

Àwa mẹ́jọ tá à ń gbàdúrà pọ̀ ní Àgbádárìgì máa ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu lódìkejì ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí òkun. Mẹ́jọ lẹnu ń wí o. Méje ló ń lọ. Bí ọjọ́ bá pé, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tàbí àlejò á dé láti Kankon. Nígbà tí àwáwí tán, mo ní, "Ẹ̀mí ò tíì gbà mí láyè láti sọdá omi."

Mo rò pé mo gbọ́n. Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣubú lulẹ̀ láàárín aláṣọ funfun? Wọ́n gbà á bí ìran. Gbogbo wọn dẹ́kun àtisọdá, a sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Èmi náà gbààwẹ̀ ọ̀hún!

Lóṣù kejì, ọlọ́kọ̀ wá jíṣẹ́ fún wa: "Ìyá ní, ẹ̀ṣẹ̀ wo lòun ṣẹ̀ yín? Òun ń gbálẹ̀, òun ń já àgbọn dè yín, ẹ ò wá."

Inú mi bàjẹ́. Mo dìde. "Ẹ̀yin ará, kò síran kankan. Ẹ̀rù omi ló ń bà mí."

"Bọ̀ọ̀dá!" Obìnrin tó ń ṣáájú wa pariwo. "Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀," télọ̀ ìjọ dáhùn. "Èmi mu gààrí nínú ẹ̀."

Ẹ̀rín la ń rín lọ́wọ́ tí tíṣà ará Èkìtì tó wà láàárín wa fi sọ pé, "Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kò gbàdúrà mọ́. Ètè lásán ni mo ń mì." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Télọ̀ lọ jókòó tì í, ó dì í lọ́wọ́ mú.

Ọjọ́ náà gan-an la sọdá. "Bàbá," ni ọlọ́kọ̀ ń bẹ̀ mí, "ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣọrùn mi!"

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà kí n tó jókòó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Wá mu tìẹ."

Mo wo ilẹ̀. Àgbọn mẹ́jọ ni. Ọlọ́kọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń já a látọdún méjì.

Mo rọra mu tèmi, díẹ̀díẹ̀. Omi ọ̀sà ṣì ń dúró dè mí lọ́nà ilé.