Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Já Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́

Títí di òní, bí nǹkan kéékèèké bá dà sílẹ̀ lórí táìsì, ìbáà ṣe ẹ̀wà lásán, ìtìjú á bò mí. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá ọkọ mi ló dà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi ni mo sì sín in.

Tíṣà ni mí, l'Ọ̀fà níbí. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, tí mo jẹun tán, ìlẹ̀kẹ̀ àti bọ́tìnnì ni mo máa ń jókòó tì. Àǹkárá tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀, màá fi bo bọ́tìnnì. Èèpo àgbọn tí àwọn ẹlòmíràn ń jù sáàtàn, màá gé e róbótó, màá fi sáńpépà ha á títí yóò fi máa dán, màá wá fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i. N kì í tà á. Mo kàn fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa bi mí pé níbo ni mo ti rà á ni. Bí wọ́n bá sì ti bi mí, ẹnu mi kì í dúró mọ́. Mo máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń rà lọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́, màá ní wọn ò ní wọ̀ ọ́ dalẹ́ kó tó já. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí òwe yẹn nígbà náà.

Ìjàgbó ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Mọ́mì là ń pè wọ́n. Wọ́n ṣàìsàn kan tí gbogbo wa rò pé wọn ò ní dìde níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ wá dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ̀fà, mo sì ní èmi ni n ó sín ìlẹ̀kẹ̀ tí wọn ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi àti Mọ́mì kò jà rí o, ṣùgbọ́n a ò fi bẹ́ẹ̀ mọwọ́ ara wa. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi sì rèé, ẹnu ni mo fi ń jẹun. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń wá ohun tí n ó ṣe tí Mọ́mì ó fi sọ pé ìyàwó yìí dáa.

Ìka ọwọ́ wọn ti le, wọn kò lè há ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Mo wá fi bọ́tìnnì èèpo àgbọn kan dípò ìkọ́ náà. Wọn ó kàn ti bọ́tìnnì bọ inú ojóbó òwú, ó parí. Iwájú ọrùn ni mo tilẹ̀ gbé e sí, kí ayé lè rí i. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi débi pé kí n tó gbé e fún Mọ́mì, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ti gbọ́. Òde bọ́tìnnì náà ń dán, ṣùgbọ́n n kò ha inú ihò rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Mọ́mì wọ léèsì funfun, ìlẹ̀kẹ̀ mi sì wà lọ́rùn wọn, pupa fòò. Àwa ẹbí tò tẹ̀lé wọn, akọrin gbé orin, a ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ọ̀tún Mọ́mì kò kúrò lọ́rùn. Bọ́tìnnì mi gan-an ni wọ́n fi bò mọ́lẹ̀. Inú bí mi. Mo sún mọ́ ọkọ mi, mo ní, "Ṣé ẹ rí Mọ́mì yín? Wọ́n ń tijú nǹkan tí mo ṣe fún wọn." Ọkọ mi ní kí n jọ̀ọ́ máa jó.

A dé iwájú. Àlùfáà ní kí gbogbo ẹni tó bá mọ oore Olúwa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mọ́mì gbé tiwọn sókè.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà já. Ó ń ta, ó ń yí, ó wọ abẹ́ àga, ó wọ abẹ́ dùùrù. Akọrin kan tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu Àlùfáà. Orin dákẹ́. Àwọn obìnrin tí mo ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá mi ṣa tèmi nílẹ̀. Mọ́mì nìkan ló ń bá ìdúpẹ́ lọ, ọwọ́ méjèèjì lókè, ọrùn lásán. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ní kíláàsì tí yóò kọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ibi tí mo bá yà sí ni wọ́n ti ń dá a padà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìjọ bá ọ̀kan nínú báàgì wọn. Ọlọ́kadà kan dá mi dúró lẹ́bàá réluwé, ó bọ́ bàtà, ó ní ọ̀kan há sí òun lábẹ́ rẹ̀: "Tíṣà, ẹ má bínú, tiyín nìyí." Èyí tó dùn mí jù ni ti Alhaja tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí wọn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin náà lẹ sín èyí tó já níwájú Ọlọ́run?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Háà! Ọlọ́run á fi èyí tó dáa rọ́pò." Wọ́n ń bá mi dárò ni, àmọ́ ẹ̀rín ti fẹ́ pa wọ́n.

N kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ tàbí bọ́tìnnì mọ́. Mo kó èyí tí wọ́n dá padà sínú agolo mílíìkì, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò sì lọ sí Ìjàgbó. Bí ọkọ mi bá ń lọ kí ìyá rẹ̀, n ó ní orí ń fọ́ mi. Ìtìjú wà níbẹ̀, ìbínú náà wà níbẹ̀, nítorí mo gbà pé inú Mọ́mì dùn pé ohun tí wọn ò fẹ́ já kúrò lọ́rùn wọn.

Ni Mọ́mì bá wọ kẹ̀kẹ́ wá fúnra wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn kò tíì mu omi tí wọ́n fi tú etí ìró wọn, wọ́n mú bọ́tìnnì èèpo àgbọn náà jáde.

"Ìyàwó mi, fọwọ́ kan inú ihò yìí."

Mo fi ìka kàn án. Ó mú bí abẹ.

"Òun ló jẹ òwú. Ilé ni mo ti rí i. Bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ báyìí, ó ti fẹ́ já tán."

"Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò bọ́ ọ sílẹ̀?"

"Ta lo ò tíì sọ fún pé ìwọ lo ṣe é? Tí n bá wá jáde tí n ò wọ̀ ọ́, kí ni wọn ó wí? Mo ní n ó máa fọwọ́ dì í mú títí a ó fi padà sílé. Inú kẹ̀kẹ́ pàápàá, mo dì í mú. Àfi ìgbà tí wọ́n ní ká gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ṣé ọ̀kan ni kí n wá gbé sókè fún Ọlọ́run tó jí mi dìde ni? Má bínú."

Èmi ni wọ́n ń bẹ̀. N kò lè gbójú sókè wò wọ́n. Eré ni ìtìjú ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ọwọ́ tí mo torí ẹ̀ ń bínú, ó ti ń gbé iyì mi bọ̀ láti Ìjàgbó. N kò sọ ohun tí mo ti rò sí wọn fún wọn. Mo kàn ń sunkún, wọ́n sì rò pé nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Mo ti tún un sín. Okùn ọ̀rá tó nípọn ni mo lò, mo sì ha inú ihò bọ́tìnnì náà títí ó fi jọ̀lọ̀. Mọ́mì máa ń wọ̀ ọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé kò lè já mọ́. Mo fà á, mo ní kí ọkọ mi náà fà á. Síbẹ̀, bí Mọ́mì bá ti rí mi lókèèrè báyìí, ọwọ́ ọ̀tún wọn á lọ sọ́rùn, wọn á di bọ́tìnnì náà mú títí n ó fi kọjá. Èmi á sì máa wo ilẹ̀.