Ìrìn Kíákíá ní Odòmẹ́ta

Iṣẹ́ kinẹ́ ni mo ń ṣe ní Kétu. Àwa là ń ní kí aláìsàn nà, kó ká, kó rìn, títí ara rẹ̀ yóò fi le. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti tọ́jú, Bàbá Ràfíù ará Odòmẹ́ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìfun ló ń wú fún bàbá yìí, tó fi ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Oògùn dókítà ti mú un rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rù hangogo, Lásísì àbúrò rẹ̀ sì ti ń fojú wọn oko rẹ̀. Ó ní bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n òun ò lè fẹsẹ̀ rìn dóko, òun ni yóò gbìn ín. Bí oko yẹn bá lọ, kí ló kù tí bàbá yóò fi máa jẹ́ àgbà nílé? Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo ṣàlàyé fún un pé bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ sì rò pé wọ́n lè pẹ̀tù sí ìfun tó ń bínú.

"Ẹsẹ̀ mi ló máa bá ìfun mi sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ sì máa rìn kíákíá láràárọ̀. Ẹ má dúró."

Ẹ má dúró kẹ̀! Ní Odòmẹ́ta? Ẹni tó bá kọjá láìbéèrè ilé, ọmọ àti ewúrẹ́, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bàbá a jáde láàárọ̀, oòrùn a kàn án lórí níwájú ilé kejì. Onízẹ́mì tó bá sì rí i a ní kó gun ọ̀kadà òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ funfun bo igbá àgbàdo, ó ní kó bá òun gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Bàbá padà dé, òógùn bò ó.

"Kò sẹ́ni tó kí mi! Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Wọ́n rò pé ẹbọ ló rù ni! A kì í kí ẹni tó ru ẹbọ, òun náà kì í dáhùn; ńṣe là ń yà fún un.

"Mùsùlùmí ni mí o!"

"Àgbàdo lẹ rù, Bàbá. Ẹ ṣáà máa rìn."

Láràárọ̀ ló ń gbé igbá náà rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, oúnjẹ sì ń dúró nínú rẹ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, ó gbé irúgbìn rẹ̀ rù nínú igbá náà, aṣọ funfun lórí rẹ̀, ó kọrí sóko, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lásísì bẹ́ jáde láti inú igbó, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, nítorí Ọlọ́run, ẹ gbé nǹkan yìí padà! Mi ò fẹ́ oko mọ́!"

Bàbá Ràfíù kò dá a lóhùn. Ó yà fún un, ó mú ọ̀nà oko pọ̀n. Èmi náà kúkú ni mo ní kó má dúró.