Ìdí Tí Bàbá Mi Fi Gun Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lójoojúmọ́, tí ẹ tún ń bá ẹni tó ń wà á jà nítorí ṣéńjì, ẹ lè máa rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo àdúgbò wa, bàbá tó bí mi ló sì ni ín.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Èkó. Láti Ìsẹ́yìn ni òun àti màmá mi ti wá ṣiṣẹ́ jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi alùpùpù gbé ìwé ẹrù láti wáàfù Àpápá lọ sí ti Tincan, fún àwọn tó ń báni gba ẹrù jáde. Tírélà máa ń tò sójú ọ̀nà yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní alùpùpù á ṣáà wá ibi tóóró gbà. Ibi tóóró bẹ́ẹ̀ ló há sí lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ Coconut. Àárín tírélà méjì ló gbà, ọ̀kan sì rọra sún sẹ́yìn. Nígbà tí mo máa rí i nílé ìwòsàn, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún.

Àwọn ẹbí ní kó padà sí Ìsẹ́yìn. Bàbá kan ní kọ́ḿpáùndù wa tilẹ̀ wá bá a, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́ o, pé sáàrà tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ kò kéré. Bàbá mi dá a lóhùn pé:

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ ti rí i kó dìde rí?"

Lójú bàbá mi, ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tó bá dúró, ẹsẹ̀ lẹni tó ń wà á fi ń tẹlẹ̀ kó má bàa ṣubú. Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi tẹlẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Ló bá lọ bá wẹ́dà kan ní Malu Road. Ìyẹn jó irin mọ́ alùpùpù náà lápá ọ̀tún, ó fi táyà kan sí i, ó gbé àpótí onírin lé e lórí. Bàbá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wálé, màmá mi jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan náà ní àléébù kan. Tí àpótí yẹn bá ṣófo, tí ẹni tó ń wà á bá wá yà sọ́wọ́ ọ̀tún lójijì, táyà kẹta á gbéra nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dà wó sápá òsì. Nǹkan tó wúwo gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, àpò yanrìn ni. Láàárọ̀, èmi ni. Fọ́kánáísà tó wà lẹ́nu géètì iléèwé wa ló ń bá a tọ́jú yanrìn náà. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀, á gbé e sínú àpótí fún un, torí ẹlẹ́sẹ̀ kan ò lè dá àpò yanrìn gbé. Nírọ̀lẹ́, tí a bá parí ẹ̀kọ́ àfikún tí à ń pè ní lẹ́sìn, wọ́n á já yanrìn sílẹ̀, èmi á sì wọlé. "Jókòó dáadáa," ni bàbá mi máa ń wí, "ìwọ lo di nǹkan yìí mọ́lẹ̀." Nítorí náà, mo mọ̀. Mi ò lè sọ fún yín pé mi ò mọ̀.

Mo wá wọ sẹ́kọ́ńdírì nínú ọgbà yẹn kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń tò sẹ́nu géètì dè wá. "See am, see am! Papa one leg, machine three leg!" Wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ sí i. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á juwọ́ sí wọn. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ojú ń tì mí, mo sì ka ìtìjú mi sí ẹ̀bi rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ku kọ́nà kan kí a dé iléèwé, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ já mi sílẹ̀ níbí."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ni, sà."

Ó wo ojú mi. Bàbá wo ni kò ní mọ̀? Ó ní, "Ó dáa. Sọ̀kalẹ̀. Màá rọra wà á débi yanrìn." Ká ní ó gbá mi létí lọ́jọ́ náà ni, ìbá sàn fún mi.

Lóòótọ́ ló rọra wà á. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé kọ́nà, tírélà kan fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bọ̀ kíkankíkan. Bàbá mi yà bàrá sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo rí táyà kẹta bó ṣe gbéra, tó ń yí lófuurufú. Tírélà náà kò tiẹ̀ kàn án. Alùpùpù tirẹ̀ ló dà wó lé e, orí ẹsẹ̀ òsì tó kù ló sì wó lé, tó rún un. Kò fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Aṣọ tí màmá mi ń fọ̀ fún àwọn ará Àpápá kò tó bọ́ wa, ká má tíì sọ ti iléèwé mi. Kò pé ọdún kan tí bàbá mi fi ní kí wọ́n gbé òun lọ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀nà ibẹ̀ ni mò ń gbà bọ̀ láti iléèwé. Tó bá ti rí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lókèèrè, á fa fìlà bojú kí n lè kọjá. Mo sì kọjá. Èmi ọmọ Yorùbá, mi ò kúnlẹ̀ kí bàbá mi.

Ayé ti yí padà báyìí. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kún Malu Road, kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá ń ta tiwọn ra kẹ̀kẹ́. Mo bi ọ̀kan léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ìyá, eegun ò ní spare part." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í nínú yúnífọ́ọ̀mù. Bí a ṣe dé ibi táwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà dúró sí, mo tẹjú mọ́ ọn. Mò ń retí kó fi ojú pamọ́. Ó yọ orí síta, ó kígbe pé, "Daddy mi nìyí o!"

Gbólóhùn kan péré ni. Ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kó tó kú. Mi ò sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni.